Àtè Tí Mo Fi Mú Ilẹ̀ Olómitútù

Ẹ jókòó kí ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, nítorí gbogbo ògiri ilé yìí ni mo so òkè àti odò mọ́, ọ̀dà ara òmíràn kò sì tíì gbẹ. Òjò tí ń rọ̀ yìí kò ní í dá bọ̀rọ̀. Ìyàwó Láyíwọlá tó gbé aṣọ tó rán fún ìyàwó mi wá ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ó wo àwòrán ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí ìyá mi ń gbé nígbà ayé rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá Wúrà, iṣẹ́ yìí dára, àmọ́ ẹ ò tíì parí ẹ̀. Ojú kan ṣófo níbí, pákó lásán ló wà ńbẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá wo àwọn yòókù, ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní irú ojú òfìfo bẹ́ẹ̀, mo sì ti parí gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí èmi Ọdẹ́sànmí sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kí irùngbọ̀n mi tó funfun yìí padà di dúdú. Ẹ ó mọ ìdí tí mo fi fi irùngbọ̀n búra kí n tó dákẹ́.

Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i lọ́mọ. Nígbà tí mo gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kò pẹ́ tí ẹranko fi mọ orúkọ mi. Mo ti lé ẹfọ̀n títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó ń wò mí bí ẹni pé kí n bu omi fún òun. Mo ti bá ọ̀yà wọ ihò, mo gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde, ọ̀yà ṣì ń wá mi nínú ilé. Ọwọ́ mi kò ṣe é fi ṣeré. Ojú mi ni kò gbọ́ràn. Bí mo bá gun igi dúró de ẹran, dípò kí n máa wo ọ̀nà tí ẹtu yóò gbà, mo máa ń wo bí ìkùukùu ti ń fà kúrò lára òkè díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí abiyamọ ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ tó ń sùn. Ẹtu á dé, á mumi, á nu ẹnu, á lọ, èmi á ṣì máa wòkè. Lọ́jọ́ kan mo délé láìmú ẹran. Erùpẹ̀ pupa ló kún àpò mi, pẹ̀lú èèpo igi àti èèpo ẹyin awó. Ìbídùn ìyàwó mi wo inú àpò, ó sì wojú mi.

Ó ní, "Bàbá Wúrà, èwo ni kí n kọ́kọ́ sè fún yín nínú wọn?"

Mo bù nínú sítáàṣì tó pò fún aṣọ, mo gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ òkè mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ohun tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ mi ló ń kọ́ mi. Erùpẹ̀ etí odò máa ń já bọ́ bí ó bá gbẹ, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ọ̀gán kì í já, nítorí ikán ti fi itọ́ ara rẹ̀ pò ó kí o tó dé ibẹ̀. Ewé tútù máa ń dúdú, ṣùgbọ́n bí o bá fi yanrìn gbígbóná bò ó títí omi ara rẹ̀ fi tán, yóò pa àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí o bá fẹ́ ṣe ìkùukùu, lọ èèpo ẹyin kúnná, fẹ́ ẹ sí ojú sítáàṣì tí kò tíì gbẹ, má sì fi ọwọ́ kàn án. Àkúfọ́ ìgò ni omi tó wà lọ́nà jíjìn, àkísà aláró ni òjìji tó wà láàárín òkè méjì, wáyà tó ti dípẹtà ni ìtàkùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dà ni mo fi ń bẹ gbogbo wọn kí wọ́n lè gbé pọ̀. Àwọn kan ń pè é ní àwòrán àmúlùmálà. Orúkọ náà kò bí mi nínú. Ọbẹ̀ wo ni kì í ṣe àmúlùmálà?

Olúọdẹ Akínbíyìí, olórí àwọn ọdẹ ìlú wa, gbọ́, ó kó àwọn ọdẹ lẹ́yìn wá wò ó. Ó fi ìka tọ́ òkè náà, ó tọ́ ọ lá.

Ó ní, "Ọdẹ́sànmí, a gbọ́ pé o pa òkè."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìbọn lo fi pa á ni, àbí o dẹ tàkúté fún un?"

"Ojú ni mo fi mú un, Bàbá."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pín ẹran lójúde mi, itan òkè ni kí o gbé wá o. Má gbé orí rẹ̀ wá, egungun ti pọ̀ jù níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọdẹ Apòkè. Ẹ̀gàn ni wọ́n fi sọ ọ́, mo sì gbà á bí ẹni gba oyè. Lónìí, iṣẹ́ Apòkè wà ní ààfin, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn níbi tí àwọn tí kò lè dìde ti ń fi ojú rìn nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi bàálù gbé òmíràn lọ sí ìlú tí yìnyín ti ń bolẹ̀. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ yòókù, itan ẹtu wọn wo ló rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹni tí ayé ń yìn lóde lè máà ní ibi tí yóò jókòó sí nínú ilé. Ìyá mi, Àkànkẹ́, dàgbà, iyè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ. Ó gbàgbé orúkọ oúnjẹ. Ó gbàgbé pé bàbá mi ti kú, á ní ká bu tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbàgbé ni Abà Olómitútù tí wọ́n ti bí i. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, á gbé agbè omi rẹ̀, á ní òun ń lọ pọnmi. A ó ní, "Ìyá, omi kún inú àmù." Á ní, "Èyí kì í ṣe omi wa. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú." Bí a bá ti ilẹ̀kùn, á máa fi èékánná ha á títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Bí a bá ṣí i, á lọ. Lọ́jọ́ kan, nígbà òjò, a bá a nínú odò ẹ̀yìn ìlú, omi ti dé àyà rẹ̀, ó gbé agbè sórí, ó sì ń rìn lọ sí ibú. Ìbídùn ló bẹ́ sómi fà á jáde. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó jókòó délẹ̀ mọ́ nínú ilé wa. Ilẹ̀kùn ké, a dìde. Ewúrẹ́ sín, a dìde. Èmi tí mo lè dúró lórí igi láìmira títí ẹyẹ yóò fi bà lé fìlà mi, mo wá di ẹni tí kò lè jẹun tán lórí ìjókòó kan.

Ìbídùn wí fún mi, bó ti ń gbo aṣọ ìyá mi tó tutù, pé, "Bàbá Wúrà, bó bá tún lọ, odò ni yóò gbé e. Ẹ mọ̀, èmi náà mọ̀."

Mo ní, "Bóyá kí n gbé e lọ sí Olómitútù náà."

"Olómitútù wo? Tí igbó ti gbé mì? Ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè rin ìdajì ọ̀nà oko?" Ó fún aṣọ náà, ó gbọ̀n ọ́n. "Ẹ̀yin tí ẹ ń pa òkè wálé fún ẹni ẹlẹ́ni, ẹ pa ilẹ̀ ìyá yín wálé fún un."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Igbó tó gbé Olómitútù mì ni à ń pè ní Igbó Àìjókòó. Àwọn ará ibẹ̀ kò sá fún ogun, wọn kò sì sá fún àrùn. Wọ́n sá nítorí pé bí ènìyàn bá gbin iṣu sẹ́yìn ilé rẹ̀, ẹ̀yìn ilé aládùúgbò ni yóò ti wà á, ìjà kò sì tán. Mo gbé pákó pẹlẹbẹ kan kọ́ ẹ̀yìn, mo mú sítáàṣì, ọ̀dà, ọ̀bẹ, igbá epo pupa kékeré kan, àti àtè. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣọdẹ ẹyẹ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àtè ti ń ṣiṣẹ́. Oje igi ọ̀dán ni a fi ń ṣe é. A ó sè é títí yóò fi máa fà bí ẹjọ́ ìdílé, a ó fi pa ẹ̀ka tí ẹyẹ fẹ́ràn. Ẹyẹ á bà á, kò ní í lè fò mọ́. Bí ó bá ṣe ń jà ni yóò ṣe máa lẹ̀ sí i. Ọdẹ tó fẹ́ fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ fi epo pa ọwọ́ kọ́kọ́, torí epo nìkan ni àtè ń bẹ̀rù. Ẹ bá mi tọ́jú ọ̀rọ̀ epo yìí. Mo ń padà bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹnu igbó náà ni mo ti pàdé ẹni àkọ́kọ́. Bàbá arúgbó kan nà gbalaja sórí koríko, ó gùn bí ọ̀pẹ tó wó. Gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kìkì ọ̀nà: ọ̀nà oko, ọ̀nà odò, ọ̀nà tóóró tí ewúrẹ́ ń tọ̀, wọ́n la àyà rẹ̀ kọjá, wọ́n yí ìdodo rẹ̀ po, wọ́n gòkè lọ sí ọrùn. Eèrà ń ru ẹrù lórí wọn, àparò kan sì ń kó ọmọ rẹ̀ gba apá rẹ̀ lọ. Nígbà tí bàbá náà yí ẹ̀gbẹ́ padà, ọ̀nà tí mo dúró lé gan-an yí pẹ̀lú rẹ̀, mo sì rí i pé ilé ni mo kọjú sí.

Mo ní, "Ẹ kú ìsinmi, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ń sinmi? Gbogbo ayé ló ń rìn lórí mi. Ìwọ ta nìyẹn?"

"Ọdẹ́sànmí ni, ọmọ Àkànkẹ́ ará Olómitútù."

"Àkànkẹ́ tí kì í rìn lọ sódò bí ọmọ ènìyàn, àfi kí ó sáré?" Ó na ọwọ́, ó họ orúnkún rẹ̀. "Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbí. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ ni ó máa ń yún mi. Kí ló ń ṣe é?"

Mo ní, "Ilé ni ó ń wá, Bàbá. Ilé náà ni mo wá mú lọ fún un."

Ó wo pákó ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á já àlọ́ mi. Kí ló ń lọ tó ń bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ tí kì í kúrò nílé?"

"Ilẹ̀kùn ni. Ti ilé mi ni mo ń gbọ́ létí báyìí."

"Kí ló dúró sójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a, tó sì ń kúrò nílé lójoojúmọ́?"

Mo ronú, mo ní, "Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń bá jà."

"Ìyẹn kì í dúró sójú kan."

"Ọkàn ọmọ ènìyàn ni."

"Ìyẹn kì í dúró rárá. Máa mú un lọ, kí o máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Kí o tó jáde, wàá já a fún mi. Bí o kò bá já a, ìwọ náà á di ọ̀nà lára mi. Àyè kan ṣẹ́ kù ní àtẹ́lẹsẹ̀."

"Àtẹ́lẹsẹ̀, Bàbá?"

"Ibẹ̀ tutù. Wàá gbádùn rẹ̀."

Mo wọ Igbó Àìjókòó. Ẹ gbọ́, mo ti rí igbó tó ní ẹ̀rù, mo ti rí èyí tó ní ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n n kò rí igbó tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ bí èyí rí. Bí mo bá ṣẹ́jú, ìrókò tó wà lọ́tùn-ún mi á ti bọ́ sósì, á dúró bí ọmọ tó jí ẹran jẹ tó wá ń wo àjà. Mo fi àdá ṣá igi kan lámì, mo rìn síwájú, igi náà ti ṣáájú mi débẹ̀, àmì mi wà lára rẹ̀. Ọdẹ mìíràn ìbá ti sáré títí yóò fi ṣubú. Èmi jókòó. Ohunkóhun tó ń rìn ní ohun tó ń mú un rìn, ẹni tó bá lè jókòó wò ó yóò rí i. Mo wò, mo wò, mo wá rí i pé àwọn igi tí ewé wọn rọ ń rìn sí ọ̀nà kan náà, àwọn tí ewé wọn tutù sì ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ẹ wo bí n ti ń bú igbó tí n kò mọ̀ pé omi ló ń pọn! Gbogbo wọn ń tò lọ síbi omi kan, bí wọ́n bá mu tán, wọ́n á yà fún ẹni tó kàn. Mo yáa wá àràbà kan tí òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, mo gun orí gbòǹgbò rẹ̀, mo di ìtàkùn mú bí ẹni wọ mọ́tò. Ó gbé mi lọ láìbéèrè ibi tí mo ti máa sọ̀.

Ibi tó gbé mi dé, mo mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi kò dé ibẹ̀ rí. Bí ìyá mi ti ń rò ó náà ló rí. Erùpẹ̀ pupa bí osùn. Ògiri ti wó kù dé orúnkún. Ọlọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti lọ̀ títí àárín rẹ̀ fi rì. Láàárín òkúta méjì, omi orísun ń sun jáde, ó tutù débi pé eyín mi ń pe ara wọn lórúkọ nígbà tí mo mu ún. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo bu erùpẹ̀ sápò, ó rọra gba ẹnu àpò jáde, ó padà síbi tó wà. Mo fi sítáàṣì lẹ ewé kan mọ́ pákó, ewé náà ṣí ara rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀ bí àlejò tí wọn kò bu oúnjẹ fún. Mo wá fẹ́ fi ọ̀bẹ ha ewé wínníwínní tí ń hù lára òkúta ojú omi, èyí tí ìyá mi máa ń sọ pé àwọ̀ rẹ̀ kò sí níbòmíràn. Bí mo ti ha á, ó di aláìláwọ̀ lójú ọ̀bẹ mi.

Ohùn kan ní, "Àwọ̀ mi lo ń ha yẹn."

Obìnrin kan jókòó lórí òkúta náà. Ara rẹ̀ mọ́ bí omi òjò inú igbá. Mo ń rí òkúta láti inú ikùn rẹ̀. Gbogbo àwọ̀ igbó náà ló so kọ́ apá rẹ̀ bí ẹni sá aṣọ.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Díẹ̀ ni mo fẹ́, kí ìyá mi lè dá òkúta náà mọ̀."

"Àwọ̀ la fi ń gba àwọ̀. Fún mi ní dúdú orí rẹ."

"Ìyá, bí mo bá gbé orí funfun délé, ìyàwó mi á ní kí n lọ jókòó ti ìyá mi, kí òun máa bọ́ wa pọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ mì bí omi tí wọ́n ju òkúta sí. "Dúdú ojú rẹ ńkọ́?"

"Ojú ni mo fi ń jẹun."

"Ahun ni ọ́."

"Ẹ gba irùngbọ̀n mi. Láti ìgbà tó ti hù, kò bá mi ṣe iṣẹ́ kan."

Ó fi ìka tútù fa irùngbọ̀n mi láti òkè wá sísàlẹ̀, mo sì rí dúdú rẹ̀ tó ń gun ìka rẹ̀ bí aró ti ń gun òwú. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ wò ó. Orí mi dúdú, irùngbọ̀n mi funfun. Kò sí ẹni tí ogbó ń ti àgbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í mú tí kò gòkè. Ó fún mi ní àwọ̀ náà, ó ní, "Mú àwọ̀ lọ. Má ṣe mú ìrìn." Mo mirí fún un bí ẹni tí ọjà ti tẹ̀ lọ́wọ́ ṣe ń mirí. Ọkàn mi ti wà níbòmíràn. Mo ń bi ara mi pé kí ló lè mú ohun tí kò fẹ́ jókòó, àpò ọdẹ mi sì dá mi lóhùn. Ohun tó ń lọ ni a fi àtè ń mú. Ayàwòrán mìíràn kò ní í ronú kàn án. Ọdẹ nìkan ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ń pa.

Mo rọ epo sọ́wọ́, mo fi pa á dé ìgbọ̀nwọ́, mo gbé igbá epo kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì tẹ́ àtè sójú pákó. Mo bu erùpẹ̀ lé e. Ó jà bí ẹyẹ, ó sì dúró. Inú mi dùn. Mo lẹ ojú ọ̀nà pupa láti òkè wá sísàlẹ̀, mo lẹ ègé ògiri, mo lẹ èérún ọlọ, mo fi èèpo igi ṣe òrùlé tó wó, mo fi ewé òkúta náà sí àyè rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ṣí. Ohun gbogbo jókòó. N kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tún ní í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó wá ku omi. Mo ti ọwọ́ bọ orísun náà, mo rí òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ tó ń dán bí dígí, ó sì ń sọ lọ́wọ́ mi, kì, kì, bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́. Mo mọ̀ pé òun ni ọkàn omi náà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín pákó.

Igbó Àìjókòó jókòó.

Omi tó ń sun dúró láàárín ìsun, ó nà sókè bí ìka. Àwọn igi tó ń bọ̀ dúró, òmíràn gbé gbòǹgbò kan sókè, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Àdàbà kan dúró lófuurufú bí ẹni pé wọ́n so ó rọ̀. Obìnrin aláwọ̀ la ẹnu, ohùn rẹ̀ kò jáde. Mo fẹ́ dìde, ìdí mi ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ yí ọrùn, ọrùn kọ̀. Mo ti gbàgbé pé dúdú irùngbọ̀n mi ni mo fi gba àwọ̀ tí mo lẹ̀ síbẹ̀, pé ara mi wà nínú rẹ̀. Bí mo ti mú ilẹ̀ náà ni mo mú ara mi mọ́ ọn. Èémí mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Mo rí ewé àwọn igi tí òùngbẹ ń gbẹ tó ń ká kò, wọ́n ń wo omi tí wọn kò lè dé. Ojú mi kò lè kúrò lára pákó, pákó náà sì lẹ́wà, ó lẹ́wà débi pé mo fẹ́ gbà láti kú níwájú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbé ọ̀rọ̀ epo tí mo fi tọ́ yín wá. Gbogbo ara mi lẹ̀, ọwọ́ mi kò lẹ̀. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka ni wọ́n ń mira, nítorí epo. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí mo bá yọ omi náà, kí ni n ó gbé fún ìyá mi? Ilé tí kò lómi ni? Omi náà gan-an ni ó ń wá lọ sínú odò! Bí n kò bá yọ ọ́, ìyá mi yóò dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, n kò ní í dé, Ìbídùn á gbàgbé láti wẹ̀yìn níjọ́ kan, odò á sì gbé e. Mo ti ìka bọ epo. Mo fi yí òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ náà po, mo rọ ọ́ wọ inú pákó, mo ń fi èékánná wá ìdí rẹ̀. Ó kọ̀, mo tún rọ epo sí i. Ó ṣí. Ó fò kúrò lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sómi.

Orísun náà mí kanlẹ̀, ó tú jáde. Gbogbo igi tí òùngbẹ ń gbẹ ya lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí màlúù tó ya, ẹ kò tíì rí igbó tó ya. Ìrókò ń ti àràbà, ọ̀mọ̀ ń fi èjìká gbá agánwó, ilẹ̀ ń mì. Mo gbé pákó bo orí, mo sá láàárín gbòǹgbò bí òròmọdìẹ láàárín ẹsẹ̀ àwọn oníjó. Àràbà tó gbé mi wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lórí mi, ó rọra gbé e, bóyá torí pé a ti jọ rìn rí. N kò wẹ̀yìn títí mo fi kọsẹ̀ lára bàbá ọlọ́nà. Mo wo pákó. Ohun gbogbo ṣì wà lójú rẹ̀, wọn kò jà mọ́. Àárín nìkan ló ṣófo, ó ti mu epo.

Bàbá náà ń fi ọwọ́ méjèèjì nu itan. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo dá gbogbo ara mi dúró lẹ́ẹ̀kan? Ẹsẹ̀ mi kú, kò tíì jí tán. Já àlọ́ mi kí n gbọ́."

Mo ní, "Orísun omi ni, Bàbá. Ó dúró, ó sì ń lọ. Bí ènìyàn bá ní kí ó dúró nìkan, ó ti pa á."

"Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n kí o tó wọlé."

"Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí."

"Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ì bá fẹ́ràn rẹ." Ó na ẹ̀yìn, ọ̀nà sì kọjú sí ìlú wa. "Máa lọ. Kí o bá mi wí fún Àkànkẹ́ kí ó jẹ́ kí orúnkún mi sinmi."

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí mo délé. Ìyá mi ti gbé agbè, Ìbídùn fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì ń mí gúlegúle. Mo gbé pákó náà kọ́ sára ògiri, níbi tó wà yẹn. Ìyá mi fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó dúró. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó súnmọ́ ọn, ó tẹ́ ọwọ́ lé erùpẹ̀ pupa, ó ní, "Ẹnu ọ̀nà wa." Ó kan èérún ọlọ, ó ní, "Ìyá mi ti jí." Ó fi ìka tọ ojú ọ̀nà wá sísàlẹ̀, ó kan ewé òkúta, ó rẹ́rìn-ín. Ìka rẹ̀ wá dé ojú òfìfo. Ó tún un kàn. Ó yíjú sí mi.

Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àlàó, omi dà?"

Ìyá mi yí padà. Ìbídùn tún ẹ̀yìn fi ti ilẹ̀kùn, ó di ìbòrí mọ́ ìdí. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò lọ síbẹ̀. Ó lọ sídìí àmù tó wà ní kọ̀rọ̀, àmù tó ti kọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé omi rẹ̀ kì í ṣe omi àwọn. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó padà wá, ó tẹ ọwọ́ tútù náà mọ́ ojú òfìfo. Ẹ mọ̀ pé pákó tó ti mu epo kì í mu omi. Omi náà kó ara rẹ̀ jọ, ó di róbótó, ó tàn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó sì gbéra. Ó gba ojú ọ̀nà pupa sọ̀kalẹ̀ láàárín ògiri tó wó, ó kọjá lẹ́bàá ọlọ, ó kán sínú agbè tí ìyá mi gbé dúró dè é.

Ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ó ní, "Ó ṣì ń sun. Àlàó, gbé àga wá fún mi. N ó dúró kí ó kún."

Kò tún lọ sódò mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, á jókòó sórí àga náà, á ki ọwọ́ bọ àmù, á pọn omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ sí àwọn tí ń bẹ nídìí omi pẹ̀lú rẹ̀, àwa kò sì rí wọn. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ilẹ̀kùn wa ń ké, ẹnikẹ́ni kì í dìde. Èmi ni kò tún jókòó mọ́. Ìrìn tí wọ́n ní kí n má mú, bóyá díẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lára. Bí mo bá ti parí òkè kan, ẹsẹ̀ mi á ti máa yún mi sí òmíràn, ẹ sì ń rí i pé orí ìdúró ni mo ti ń sọ ìtàn yìí fún yín. Ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ tí mo mú láti ìgbà náà tí n kò fi epo pa ojú kan nínú rẹ̀, kí ohun kan má baà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ìyàwó Láyíwọlá, o ní n kò tíì parí rẹ̀. Àmù náà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí o wá parí rẹ̀.